Kànìnkànìn Ni Kí Wọ́n Yẹ̀ Wò, Kì Í Ṣe Ọṣẹ

Àìsàn kan wà tí òyìnbó ń pè ní coeliac. Ẹni tó bá ní in, gúlúténì tó wà nínú àlìkámà, báálì àti ráì kò gbọ́dọ̀ dé ikùn rẹ̀. Bó bá débẹ̀, ara onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ni yóò gbógun ti ìfun rẹ̀, oúnjẹ kò ní í ṣe é lóore mọ́, á wá máa gbẹ. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Kó má jẹ ẹ́ mọ́ títí ọjọ́ ayé ni.

Obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé ní Peckham, ní London, ni dókítà sọ èyí fún. Ó gbàgbé búrẹ́dì, ó gbàgbé sẹ̀mó. Ìyẹn ò le, nítorí kò sí gúlúténì nínú ẹ̀bà, iyán, àmàlà àti ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ló fẹ́ tú ilé ká. Ẹnì kan ló sọ fún un pé gúlúténì wà nínú ọṣẹ, ló bá kó gbogbo ọṣẹ ilé dànù, ó wá ń ra olówó gọbọi tí wọ́n kọ "gluten free" sí lára. Ọkọ ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé owó ilé la ó máa dà sínú omi ìfọbọ́ ni?" Ìyá ọkọ pè láti ilé, ó ní àbí ayé ló ń ṣe ìyàwó òun.

Lóòótọ́, àlìkámà wà nínú ọṣẹ mìíràn. Lẹ́yìn ike, wọn a kọ ọ́ ní "wheat protein" tàbí "Triticum vulgare". Ṣùgbọ́n ẹnu ni gúlúténì ń gbà débi ìfun, kì í gba awọ ara. Abọ́ tí wọ́n bá fi omi ṣàn dáadáa, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ní Bìrìtéènì, ohun tí wọ́n bá kọ "gluten free" sí, gúlúténì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílò kan. Oúnjẹ sì ni òfin yẹn wà fún, kì í ṣe ọṣẹ. (Ẹni tí àlìkámà ń bá lára jà, tí ara ń yún, tí ojú ń wú, tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́dún 2011 ni wọ́n kó ọṣẹ ìfọjú kan kúrò lọ́jà ní Japan. Àlìkámà inú rẹ̀ kó èèyàn tó lé ní 2,000 sínú irú wàhálà yìí.)

Ibi tí ewu wà gan-an, ìyàwó yìí ò wò ó. Kànìnkànìn tí wọ́n fi fọ ìkòkò sẹ̀mó ni wọ́n tún fi ń fọ abọ́ tirẹ̀! Sẹ̀mó há sínú ihò rẹ̀, ọṣẹ wo ló fẹ́ yọ ọ́? Ọmọrogùn onígi ń kọ́? Pátákó tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì? Àkísà ìnutábìlì? Amọ̀ aláwọ̀ mèremère tí àwọn ìbejì fi ń ṣeré lórí tábìlì oúnjẹ pàápàá, ìyẹ̀fun àlìkámà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Kó ra kànìnkànìn méjì, pupa fún ti sẹ̀mó, aláwọ̀ ewé fún tirẹ̀. Kó ra ọmọrogùn tí sẹ̀mó ò ní kàn láé. Ọṣẹ pọ́ọ́kú inú ìsọ̀ ti tó. Bó bá sì wù ú, ọṣẹ dúdú wa, eérú àti epo ni wọ́n fi ń sè é, kò sí àlìkámà níbẹ̀.

Ìyá ọkọ ń bọ̀ ní Kérésì. Kí wọ́n tètè sọ fún màmá pé kànìnkànìn méjì ló wà nílé yẹn o.