Igi àti Irin

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń bẹ tí í ṣe ọdẹ. Ìbọn ráífù ni ó ń lò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọta rẹ̀ a máa bá àmì. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, gbogbo rẹ̀ ń yà sí òsì. Èmi tí mo ń wàásù sùúrù wí fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò lọ sí oko ọdẹ mọ́.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo yọ ọta kúrò nínú ìbọn náà, mo sì fa bébà kan láàárín irin rẹ̀ àti igi tí ó gbé e. Ní apá ọ̀tún, bébà há. Ọ̀rinrin ti mú igi wú, igi sì ń ti irin sí òsì. Bí ọta bá ń jáde, irin a máa gbọ̀n. Bí igi bá sì ń tẹ̀ ẹ́ níbì kan, gbígbọ̀n náà kì í dọ́gba. A fá igi náà díẹ̀díẹ̀ títí bébà fi kọjá wọ́ọ́rọ́, a sì fi òróró pa á kí omi má baà tún wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìbọn ni a ń fá bẹ́ẹ̀: Lee-Enfield No. 4, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò nínú ogun 1939 sí 1945, ni a ṣe kí igi rẹ̀ lè gbé irin sókè díẹ̀ ní ẹnu.

Ọta ọmọ náà padà bá àmì. Mo sì bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà. Ó ní, “Bàbá, ó tó.”

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá ṣì í, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó dá ọwọ́ rẹ̀ lẹ́bi.