Bùrọ̀dá Tó Ti Gba Ibẹ̀ Kọjá

Kóòdù ni mò ń kọ jẹun ní California. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, mo máa ń jókòó ti ọmọbìnrin kan tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, tí àwọn òbí ẹ̀ ti Mẹ́síkò wá. Ètò Puente ló so wá pọ̀. Afárá ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí lédè Sípáníìṣì. Ọdún 1981 ni Felix Galaviz, agbaninímọ̀ràn, àti Patricia McGrath, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, dá a sílẹ̀ ní Chabot College nílùú Hayward, torí àwọn ọmọ Latino tó ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àmọ́ tó jẹ́ pé díẹ̀ nínú wọn ló ń dé yunifásítì. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e ró: kíláàsì ìwé kíkọ, agbaninímọ̀ràn, àti ẹnì kan láti ìta tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi ni ti ìta yẹn. (Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló lè forúkọ sílẹ̀ o, kì í ṣe Latino nìkan.)

Ẹ má rò pé Python ni mò ń kọ́ ọ. Ọmọ yìí mọ ìṣirò jù mí lọ. Fọ́ọ̀mù ló ń dà á láàmú. FAFSA, tí wọ́n fi ń tọrọ owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún òbí. Bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù ìwé ìjọba sì ń bà á. Ta ló máa ṣàlàyé fún un? Ọmọ náà ni. Òun ló ń ṣògbufọ̀ fún wọn láti kékeré, ní bánkì, lọ́dọ̀ dókítà, lọ́dọ̀ láńlọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe JAMB, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bùrọ̀dá kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn, tó ti wà ní 300 level nígbà yẹn. Òun ni gbogbo wa ń gbé fọ́ọ̀mù lọ bá. Òun ló ní kí n mú Computer Science, kí n má fi Medicine tan ara mi jẹ. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ètò. Àmọ́ tí irú bùrọ̀dá bẹ́ẹ̀ ò bá sí ládùúgbò ẹ, ọpọlọ ẹ ò lè wá a fún ẹ. Puente ń wá bùrọ̀dá fún ẹni tí kò ní ni. Ìdí nìyẹn tínú fi máa ń bí mi tẹ́nì kan bá ní ojúsàájú ni.

Ní oṣù Kẹrin, UC Davis gbà á wọlé. Ìyá ẹ̀ sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀ nìkan. Owó tọ́mọ yìí ń gbà níbi tó ti ń ta búrẹ́dì wà nínú owó ilé wọn, àbúrò méjì sì ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni gbèdéke èsì. Ó ní kí n wá bá ìyá òun sọ̀rọ̀.

Èmi tí mi ò gbọ́ ju "gracias" lọ! Mo ti bẹ agbaninímọ̀ràn wọn, tó gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa, kó tẹ̀lé mi ní Sátidé, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ iye tí ìrànwọ́ máa san àti iye tó máa kù sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yẹn lọmọ yìí ti ṣògbufọ̀ rí. Eléyìí, ẹlòmíì ló máa ṣe é, kóun lè jókòó ti ìyá ẹ̀.