Àáró Ni àbí Ọ̀wẹ̀?

Kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́ kóòdù, fláàṣì ni mo fi ń tọ́jú gbogbo iṣẹ́ mi. Ní 2009, ní Ìlaròó, bí mo bá kọ kóòdù tán lálẹ́, mà á sọ fáìlì náà ní "project_final". Tó bá dọjọ́ kejì, "project_final2". Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, "project_final_gangan" ti dé, èmi fúnra mi ò sì mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn mọ́. Àwa mẹ́ta la jọ wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá gbé fláàṣì relé ló gbé iṣẹ́ relé. Lọ́jọ́ kan, fáírọ́ọ̀sì kàfé jẹ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ oṣù méjì, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi tún un ṣe, a ò sì rántí gbogbo rẹ̀.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí náà ti jìyà tiwọn kó tó kàn wá. Linus Torvalds, ọmọ Finland tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, fi ọ̀pọ̀ ọdún gba àtúnṣe lórí ímeèlì. Ẹni tó bá rí àṣìṣe á fi kìkì àwọn ìlà tó yí padà ránṣẹ́, òun á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́. Patch ni wọ́n ń pè é. Àbùlẹ̀ náà ni, bí ìyá àgbà ṣe ń lẹ ṣòkòtò oko. Nígbà tí àbùlẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ ẹnì kan lọ, wọ́n yá irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní BitKeeper ní 2002. Irinṣẹ́ onílé-iṣẹ́ ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi fún wọn. Ní 2005 ni ìjà dé, olóhun gba ohun rẹ̀. Torvalds jókòó kọ tirẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún náà, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Git fi ń tọ́jú ìtàn ara rẹ̀. Ní oṣù keje, ó gbé e lé Junio Hamano lọ́wọ́.

Èyí tó kan ará Ìlaròó nínú gbogbo ìtàn yìí ò ju ẹyọ kan lọ. Nínú irinṣẹ́ àtijọ́ bíi CVS àti Subversion, ojúkan ni ìtàn iṣẹ́ ń gbé, lórí kọ̀ǹpútà kan tó jìnnà. Bí o ò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, o ò lè kọ ohunkóhun sínú ìwé ìrántí iṣẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní commit. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ó ní, "Àbúrò, tó o bá ti clone ẹ báyìí, gbogbo ìtàn iṣẹ́ yẹn ti wọnú laptop ẹ. Kí wọ́n múná lọ, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sálọ, wàá ṣì máa commit." Ọ̀rọ̀ iná yẹn ló wọ̀ mí létí.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń jí lóru nìyẹn. Dátà òru ò wọ́n. Mà á fa iṣẹ́ tuntun wọlé lágogo méjì òru, mà á fi bátìrì ṣe tèmi lójú ọ̀sán, mà á sì fi tèmi ránṣẹ́, ìyẹn push, lóru ọjọ́ kejì. Tí mo bá lọ sápá Ìdírókò lẹ́bàá ààlà, mà á yọ modem kúrò pátápátá, torí ó lè ṣàdédé so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Benin, kó jẹ owó mi tán kí n tó ṣẹ́jú.

Ìyá mi, olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbọ́ ìró kíbọ́ọ̀dù lóru. Ó ní, "Ta lò ń ṣe é fún?" Mo ní àwọn èèyàn tí mi ò rí rí ni, iṣẹ́ gbogbo ayé ni, wọn kì í sanwó. Màmá dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé àáró ni àbí ọ̀wẹ̀? Tó bá jẹ́ àáró, ìgbà wo ló máa kàn ọ́? Tó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀, oúnjẹ dà?"

Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi pé Linux ló wà lórí laptop mi, Firefox ni mo fi ń wo ayé, n kò sì san kọ́bọ̀ lórí ìkankan nínú wọn. Wọ́n ti wá ro oko tèmi kí n tó gbé ọkọ́.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ dá sí, ní 2013, jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Mo dá fáìlì kan sílẹ̀, mo pè é ní "ọ̀rọ̀.txt". Mo ní kí Git sọ ohun tó rí fún mi, ohun tó gbé jáde ni "\341\273\215\314\200r\341\273\215\314\200.txt". Mo rò pé fáírọ́ọ̀sì tún ti dé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí kì í ṣe ti òyìnbó, nọ́ńbà ni Git máa fi ń kọ ọ́, àfi tó o bá yí ètò kan tó ń jẹ́ core.quotePath sí false. Àṣẹ ìlà kan ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló tì mí lójú. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ tún ṣe. Mo tún wọn ṣe, mo ṣe pull request. Ẹni bá gbé ẹrù gba Ìdírókò kọjá yóò mọ ohun tí pull request jẹ́: kì í ṣe fàyàwọ́, ojú títì gbangba lo gbé ẹrù gbà, wàá ṣí búùtù, aṣọ́bodè á tú u wò kó tó ní kó o máa lọ. Ọmọdékùnrin tó ń ṣọ́ bodè iṣẹ́ náà kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ìlà 612 lẹ fọwọ́ kàn, mi ò sì rí ohun tẹ́ ẹ yí padà."

Èmi náà ò rí i. Apá òsì àti apá ọ̀tún bára mu lójú mi délẹ̀, síbẹ̀ pupa lósì, àwọ̀ ewé lọ́tùn-ún. Àmì ohùn ni. Ẹ wo "ẹ̀": o lè fi ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó o wá fi àmì ohùn lé e, o lè fi e lásán bẹ̀rẹ̀, kó o fi àmì ìsàlẹ̀ sí i kó o tó fi tòkè, o sì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú è olóhùn, kó o wá fi tìsàlẹ̀ parí rẹ̀. Ẹyọ kan lójú èèyàn, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ẹ̀rọ. Unicode ò ní lẹ́tà ẹyọ kan tó dúró fún un rárá. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé mi ti tún gbogbo àmì inú fáìlì náà tò bó ṣe wù ú láì sọ fún mi. Mo gba ẹrù mi padà. Mo kọ kóòdù kékeré kan tó sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, mo fi ìyẹn nìkan ṣe commit kan, mo wá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta mi ṣe òmíràn. Ọmọ náà gba méjèèjì wọlé lóru ọjọ́ kan náà. Àtìgbà náà, ẹni tó bá kó nǹkan méjì sínú commit kan níwájú mi máa gbọ́ ariwo.

Lẹ́yìn náà, àwọn tó lọ́gbọ́n jù wá lọ gba iṣẹ́ àmì ohùn. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe YorubaName, àkójọ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2018 Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde tí ẹ̀rọ fi ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tó ti sọnù lórí rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba ti ààlà pa. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé Ìdírókò, jẹnẹrétọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó wá sí Ìlaròó lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ Sátidé kan, ó jókòó sí yàrá mi, ó push commit 41 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló gbé aago tirẹ̀ dání: aago mẹ́rin ìdájí, aago márùn-ún, ìgbà tí ilé ìjọsìn tó ń tan iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn bá jẹ́ kó rí bátìrì gbà. Ẹnì kan ní Jámánì tó ka ìtàn náà bèèrè bóyá kì í sùn ni.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá ní kí n fi ibi tí orúkọ mi wà han òun. Mo ṣí ìtàn iṣẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ yẹn, mo lọ sí 2013. Ó wọ awò rẹ̀. "Ta nìyí?" Èmi ni, àmọ́ orúkọ náà ò ní àmì kankan lórí, bí ẹni tó jáde láì wọ bàtà. Èmi tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta bá "ọ̀rọ̀.txt" jà, mi ò rántí àmì orúkọ ara mi nígbà tí mo ń ṣètò Git.

Kò ṣeé tún kọ. Nọ́ńbà commit, lẹ́tà àti òǹkà 40, ohun tó wà nínú commit náà ni Git fi ń ṣírò rẹ̀, tòun ti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Commit tó tẹ̀ lé e sì gbé nọ́ńbà ti iwájú rẹ̀ dání. Bí mo bá fọwọ́ kan tèmi, gbogbo èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ á yí padà, ẹ̀dà ọwọ́ gbogbo èèyàn á sì takora. Ohun tó ṣeé ṣe ò ju fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ .mailmap lọ, tí wọ́n fi ń sọ fún Git pé bí o bá rí orúkọ báyìí, báyìí ni kó o máa gbé e jáde. Mo kọ ìlà kan sínú rẹ̀, mo ṣe pull request, wọ́n gbà á.

Mo tún gbé e lọ fún Màmá. Ó sún mọ́ ojú laptop náà. Ó ní àmì ohùn tó wà lórí fáwẹ́ẹ̀lì kejì, òkè ló yẹ kó lọ, ìsàlẹ̀ ni mo fi sí.