Ogún Róòmù: Lẹ́tà láti Istanbul

Istanbul,
Túrkì.

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, òtútù nìkan ló pọ̀ níbí.

Lórí fóònù, ẹ ní ìjọba Charlemagne, ọba àwọn Franki, ló jogún ìjọba Róòmù jù, torí Póòpù Leo Kẹta fúnra rẹ̀ ló dé e ládé ní Róòmù lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 800. Ẹ má bínú, n kò lè gbà. Ta ní ń pín ogún ẹni tó wà láàyè? Lọ́jọ́ náà gan-an, ọba Róòmù ń bẹ lórí ìtẹ́ níbí, nínú ìlú tí ọba Constantine sọ di olú-ìlú ní 330. Irene ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ní ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún ní ìtẹ́ ṣófo torí pé obìnrin ló jókòó sí i. Bàámi, ẹ̀yin tí ẹ rán ọmọbìnrin yín lọ kàwé dé òkè òkun, ẹ ò ní gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé.

Bọ́ọ̀sì tí mo máa ń wọ̀ ń gba abẹ́ afárá òkúta tí wọ́n fi ń fa omi wọ ìlú láyé ọba Valens, ní ọ̀rúndún kẹrin. Ó ṣì dúró digbí. Ṣùgbọ́n òfin wú mi lórí ju òkúta lọ. Ọba Justinian ló kó àwọn òfin Róòmù tó ti fọ́n káàkiri jọ láàárín 529 sí 534. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní òfin ní Bologna ní nǹkan bí ọdún 1100, ìwé Justinian ni wọ́n ṣí.

Ẹ lè ní èdè Gíríìkì ni wọ́n ń sọ níbí nígbà náà, kì í ṣe Látìnì. Bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ará Róòmù ni wọ́n ń pe ara wọn títí ọba wọn ìkẹyìn, Constantine Kọkànlá, fi kú sójú ìjà ní 1453. Èyí tó dùn mí jù ni ti 1204: Kristẹni ẹlẹgbẹ́ wọn láti ìwọ̀-oòrùn ló kó ìlú náà, tí wọ́n gbé ère ẹṣin bàbà mẹ́rin lọ sí Venice. Ìkógun nìyẹn, kì í ṣe ogún.

Mehmed Kejì, ọba Ottoman tó ṣẹ́gun ìlú náà ní 1453, pe ara rẹ̀ ní Késárì Róòmù. Tó bá di ọ̀rọ̀ àrólé, ẹjọ́ tirẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́ ṣáájú ti Charlemagne, torí inú ilé náà gan-an ló jókòó sí, ó sì fi Gennadios joyè olórí ìjọ Kristẹni níbí ní 1454.

Mo ń retí àwíjàre yín. Ẹ bá mi kí Màámi.

Ọmọ yín ni mí.