Ta Ni Yóò San Owó Àbọ̀?

Ẹ̀yin ará wa ní Nàìjíríà, ní Kútọ̀nú, ní Tógò àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun là ń bá sọ̀rọ̀. Àwa ọmọ Lèma, ní ilẹ̀ Ìdáàṣà tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, la ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ. Iṣẹ́ alùpùpù là ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò nìkan là ń gbé. Àpò ìrẹsì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá yín, fóònù tí ẹ rà fún àbúrò yín, páálí oògùn, ẹ̀rọ ìránṣọ, àwa la ń gbé e láti gáréèjì Ìdáàṣà wọ abúlé.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹni tí a gbé ẹrù wá fún bá kọ̀ ọ́, ta ni yóò san owó àbọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ẹrù ṣe ń rìn. Oníṣòwò kan ní Kútọ̀nú á ya àwòrán ọjà rẹ̀, á gbé e sí WhatsApp tàbí Facebook. Ẹni tó wà ní Lèma á rí i, á ní òun fẹ́. Oníṣòwò á kó ẹrù fún awakọ̀ tó ń lọ sí òkè. Ìdáàṣà wà ní nǹkan bíi 200 kìlómítà sí Kútọ̀nú, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Nítorí náà ọkọ̀ tó ń kọjá kì í wọ́n níbẹ̀. Awakọ̀ á já ẹrù sílẹ̀ fún ọ̀gá wa, ọ̀gá á sì pè wá. Nígbà tí a bá kúrò lórí títì ọ̀dà, ilẹ̀ pupa àti òkè ló kù, àti àwa.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òwe yìí rọrùn nígbà tí ẹni tó rán ni bá jẹ́ ẹnì kan. Lónìí, ta ló rán wa gan-an? Oníṣòwò Kútọ̀nú ní òun ló ni ẹrù. Ọ̀gá Ìdáàṣà ní òun ló ni alùpùpù. Oníbàárà Lèma ní òun ló ni owó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní nọ́ńbà fóònù wa, kò sì sí ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù nínú wọn.

Ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọ̀gá. Púpọ̀ nínú wa kò ní alùpùpù tí à ń gùn. Ọ̀gá ló rà á, à ń san owó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a bá san án pé, á di tiwa. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà mọ irú àdéhùn yìí dáadáa, hàyà pọ́ṣéèsì lẹ ń pè é. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òjò ìbáà rọ̀, táyà ìbáà jò, ìbà ìbáà dá wa dùbúlẹ̀, ọjọ́ ìsanwó kì í yẹ̀. Bí a bá pa ọ̀sẹ̀ mélòó kan jẹ, ọ̀gá lè gba alùpùpù padà, gbogbo ohun tí a ti san á sì di òfo.

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí wa tí à ń sáré. Bí fóònù bá dún, ọ̀gá ni: "Ibo lo dé? Ẹlòmíràn ń dúró o!" Bí a kò bá gbé e, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí a bá gbé e lórí eré, ẹ̀mí wa ni. Láàárín àwọn òkè wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ, ọ̀gá á sì rò pé ńṣe la pa fóònù láti sinmi lábẹ́ igi. Nígbà òjò, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé a ní láti sọ̀kalẹ̀ ká máa ti alùpùpù nínú ẹrọ̀fọ̀, tẹrù tẹrù.

Epo náà tún wà níbẹ̀. Kpayo tó ń ti Nàìjíríà wá ni ọ̀pọ̀ wa ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ẹ̀yin nìkan kọ́ ló kàn. Kò pẹ́ tí owó kpayo fi gbẹ́nu sókè lọ́dọ̀ wa náà. Owó ìgbẹ́rù tí ọ̀gá ń fún wa kò sún kúrò lójú kan.

Ká wá bọ́ sọ́dọ̀ oníbàárà. Ilé kò ní nọ́ńbà ní Lèma. "Tí o bá dé ìdí máńgòrò, béèrè ilé ìyá ìbejì." Igi máńgòrò mélòó ló wà, ìyá ìbejì mélòó ló sì wà ní ilẹ̀ Yorùbá? Bí a bá rí ilé náà, a kì í ju ẹrù sílẹ̀ ká yí padà. Ẹni tí a gbé e wá fún lè jẹ́ ìyá ọ̀rẹ́ wa, tàbí bàbá tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ wá lórúkọ. A gbọ́dọ̀ kí wọn: ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ oko, ṣé ara le, àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ará Kútọ̀nú ńkọ́? Wọ́n á ní ká jókòó, wọ́n á bu omi fún wa. Kò sí ọ̀gá tó ń ka ìkíni mọ́ àkókò iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá já ẹrù sílẹ̀ láìkí ìyá àgbà, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó padà dé títì, orúkọ yẹn la sì fi ń rí iṣẹ́ ọ̀la.

Lẹ́yìn ìkíni ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ mi, èyí kọ́ ni mo rí nínú fóònù." Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Aṣọ tó pupa fòò nínú àwòrán á dé, á dà bí ẹni pé wọ́n fi omi osùn ṣan án lẹ́ẹ̀kan. Bàtà á dé, ẹsẹ̀ òsì méjì. Ẹni tó bá ti jìyà bẹ́ẹ̀ rí kò ní fẹ́ sanwó kó tó tú ẹrù wò, a kò sì lè bá a wí. Ẹlòmíràn á ní òun ti fi owó ránṣẹ́ lórí Mómò, ọ̀gá á ní òun kò rí nǹkan kan, àwa á dúró sójú oòrùn láàárín wọn. Ẹlòmíràn á fi iye ẹrù ránṣẹ́ gẹ́lẹ́, láìfi owó tí wọ́n ń yọ nígbà tí a bá fẹ́ gbà á jáde kún un. Ọ̀gá á ní owó kò pé. Ta ni yóò dí i? Àwa ni.

Kí lẹ fẹ́ ká ṣe? Ṣé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún á máa bá ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún jiyàn lórí 200 fáránkì lójú gbogbo agbo ilé? Ìyá náà kò sì purọ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ló sọ fún un pé òun ti san gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní owó ìgbẹ́rù jẹ́ 1,500 fáránkì, epo àlọ 400, epo àbọ̀ 400. Bí oníbàárà bá gba ẹrù, 700 ló kù lọ́wọ́ wa. Inú rẹ̀ la ti ń yọ owó ọ̀sẹ̀, inú rẹ̀ la ti ń jẹun. Bí ó bá kọ̀ ọ́, kò sí owó ìgbẹ́rù, 800 fáránkì epo sì ti jó. Ẹrù kan tí wọ́n kọ̀ ti jẹ èrè ẹrù mìíràn tán, ó tún mú 100 lé e. Bí nǹkan bá fọ́ nínú rẹ̀ bí a ṣe ń gbé e padà, wọ́n á tún yọ ọ́ lára wa. A kò ní ọ̀gá jẹ́ ìkà o. Òun náà ní gbèsè lọ́rùn, oníṣòwò Kútọ̀nú náà sì ń pè é. Ṣùgbọ́n àdánù náà kì í dúró lọ́dọ̀ ẹnì kan nínú wọn. Wọ́n á máa tì í, á máa yí bọ̀, títí tó fi máa kan ẹni tó gun alùpùpù.

Kì í ṣe Lèma nìkan ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ohun kan tó mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà láti rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé wọ́n lè sanwó nígbà tí ẹrù bá dé. Ó dára fún olùrà, kò ní sanwó ohun tí kò rí. Àmọ́ àìfọkàntánni tó wà láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kò parẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e wá, ọwọ́ ẹni tó gbé ẹrù ló sì bọ́ sí. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, 2020, Gokada tó ń gbé èrò tẹ́lẹ̀ yí padà sí gbígbé ẹrù. Iṣẹ́ náà ń pọ̀ sí i, ìbéèrè wa sì ń tẹ̀ lé e kiri.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí nídìí iṣẹ́ yìí, ó ti dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ dájọ́ pé àwọn awakọ̀ Uber tó pẹjọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ sí owó tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín, àti sí ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, 2023, ilé ẹjọ́ kan náà kò gbà pé àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún Deliveroo wà nínú irú àjọṣe tó máa jẹ́ kí òfin mú ilé-iṣẹ́ náà jókòó bá ẹgbẹ́ wọn dúnàá dúrà. Ìdí pàtàkì kan ni pé wọ́n lè fi ẹlòmíràn rọ́pò ara wọn. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́. Àwa náà, bí ìbà bá mú wa, àbúrò wa ló ń gbé ẹrù lọ. Kì í ṣe nítorí pé a jẹ́ ọ̀gá ara wa. Owó ọ̀sẹ̀ ni kò dúró.

Kí alùpùpù tó dé, aláàárù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Aláàárù kì í gbé ẹrù rù kó tó dúnàá dúrà. Á gbé e wò, á béèrè ibi tó ń lọ, á dá iye. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ ní kó rù ú padà, owó mìíràn ni, kò sì sẹ́ni tó kà á sí ìwọ̀sí. Ohun tó sọnù nínú òwò orí fóònù nìyẹn. Ẹni tó dá iye kò sí níbi tí ẹrù wà, ẹni tó gbé ẹrù kò sì sí níbi tí wọ́n ti dá iye.

Nítorí náà, àwa tí a jọ ń gba ọ̀nà yìí jókòó, a fohùn ṣọ̀kan. Èkíní, kí a tó gbé ẹrù, a ó pe oníbàárà lójú ọ̀gá: ṣé ẹ wà nílé, ṣé owó wà nílẹ̀, èló ló kù? Èkejì, ẹrù tó bá ṣeé tú, a ó tú u ní Ìdáàṣà, a ó ya àwòrán rẹ̀, oníbàárà á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, a kì í gbé fóònù lórí eré. A ó pe ọ̀gá nígbà tí a bá gbéra àti nígbà tí a bá dé, ó tán. Ẹ̀kẹrin, ìdajì owó ìgbẹ́rù ni owó àbọ̀. Bí ẹrù bá yàtọ̀ sí àwòrán, oníṣòwò ni yóò san án. Bí oníbàárà bá kàn yí ọkàn padà, òun ni. Lẹ́yìn náà la dá àjọ sílẹ̀, kí ẹni tí àìsàn bá dá dúró lè rí owó ọ̀sẹ̀ san kí wọ́n má baà gba alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló gbà. Ọ̀kan ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn dá alùpùpù òun padà. Ó sì gbé ẹrù fún àwọn ọmọ mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn le koko, àjọ ló gbé wa ró. Ó padà pè wá nígbà tí àwọn ọmọ náà ń ṣìnà kiri láàárín igi máńgòrò. Ó gba ti ìpè, ó gba ti àwòrán. Owó àbọ̀ ni kò tíì gbà. Ibẹ̀ la bá a dé.

Ẹ̀yin la wá bẹ̀ báyìí, nítorí àwa pẹ̀lú yín la jọ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ sọ fún ìyá yín iye tó kù, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Bí ẹ bá ń san án lórí Mómò, ẹ fi owó ìgbàjáde kún un. Bí ẹ bá ń bá oníṣòwò dúnàá dúrà, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó sanwó: "Bí kò bá jẹ́ ohun tí mo rí nínú àwòrán, ta ni yóò san owó àbọ̀ fún ọmọ tó gbé e lọ?" Bí ẹni mẹ́wàá bá bi í, á mọ̀ pé ìbéèrè náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kó tó di oṣù Kẹjọ, nígbà tí èrò máa ń rọ́ wá sí ihò Arigbo fún àdúrà, tí ọ̀nà Ìdáàṣà á kún, tí ẹrù á sì pọ̀ ju ọwọ́ lọ.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ lójoojúmọ́. Kí ẹni tó ń rán wa náà máa rán wa bí ọmọ.