Níti Ehín Àti Ohun Tí A Ń Wí Nípa Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ehín ni mo mú wá sínú ìwé yìí, nígbàtí àwọn ẹlòmíràn ń kọ̀wé nípa ohun tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbàtí a rán wa jáde lọ kọ́ni, Festac Town ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti 1977 ni, àwọn ọ̀nà rẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ, nọ́mbà ni a fi ń pè wọ́n. Àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ kàwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàwé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ehín, ohun tí mo gbọ́ ní ẹnu wọn ni ohun náà gan-an tí mo ti ń gbọ́ ní abúlé wa láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkòrò. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Mile 2 lè bá ọlọ́jà kan pàdé nínú rẹ̀, tí ó gbé ìgò oògùn lọ́wọ́, tí ó ń fi ohùn rara wí pé oògùn òun yóò lé kòkòrò jáde kúrò nínú ehín. Àkokoro ni a ń pè é, a sì gbà pé ohun alààyè kan wà níbẹ̀ tí ó ń gbẹ́ ihò. Kì í ṣe àwa nìkan ni a gba èyí gbọ́. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ gbà á gbọ́; àwọn òyìnbó pẹ̀lú gbà á gbọ́, títí Pierre Fauchard, oníṣègùn ehín ará Faransé, fi kọ̀wé ní 1728 pé òun wá kòkòrò náà, òun kò rí i. Ní 1890 ni W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣe àlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀: àwọn ohun alààyè tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí wà ní ẹnu gbogbo wa; bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn náà a jẹ nínú rẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ di omi kíkan, omi kíkan yìí ni ó sì ń jẹ ehín díẹ̀díẹ̀. Nítorínáà ọmọ tí ó ń lá súwíìtì láti àárọ̀ di alẹ́ ń pa ehín rẹ̀ lára ju ẹni tí ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì parí rẹ̀. Ẹ wo àwọn ìsọ̀ tí ó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, kí ẹ sì sọ fún mi ibi tí kòkòrò ti ń wá.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ẹni ọdún 8, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú dé abẹ́ ojú. Ìyá rẹ̀ àgbà ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Mo lọ sí ilé wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ehín."

Màmá ní, "Tíṣà, o ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ehín òkè ni. Bí wọ́n bá yọ ehín òkè, ojú ni yóò bá a lọ. Àti pé ehín ọmọdé ni. Yóò yẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ẹ má ṣe fi Màmá rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó rí ni ó sọ, nítorí ó ti rí àwọn tí ojú wọn bàjẹ́ lẹ́yìn ehín dídùn. Ṣùgbọ́n iṣan tí a fi ń ríran kò bá ti ehín pàdé rárá. Ọyún tí a kò tọ́jú ni ó ń gòkè lọ síbi ojú, nítorínáà ehín jíjẹrà tí a fi sílẹ̀ ni ó lè pa ojú lára, kì í ṣe èyí tí a yọ.

Níti pé ehín ọmọdé ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Ehín wàrà jẹ́ 20. Nígbàtí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, ehín ńlá kan a hù lẹ́yìn wọn ní apá kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀. Kò lé ehín wàrà kankan jáde, nítorínáà àwọn òbí kì í mọ̀ pé ó dé, wọn a sì kà á mọ́ àwọn tí yóò yẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, òmíràn kì yóò hù ní ipò rẹ̀ mọ́. Òun gan-an ni ó jẹrà lẹ́nu ọmọ náà. Ó gba ọjọ́ 3 kí Màmá tó gbà. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí aládùúgbò kan ti ní kí wọ́n kán omi bátìrì sínú ihò náà, ẹlòmíràn sì ní ògógóró. Omi bátìrì, ohun tí ń jẹ irin! A dúpẹ́ pé Màmá kò gbọ́ tiwọn. A yọ ehín náà. Ojú ọmọ náà méjèèjì ń ríran kedere, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun.

Ti ọmọ ọwọ́ ni ó wúwo jù. Bí ọmọ oṣù 6 bá gbóná tàbí tí ó ń yàgbẹ́, a ó ní ehín ni. Òtítọ́ ni pé àkókò kan náà ni wọ́n ń dé, ṣùgbọ́n àkókò yìí gan-an ni ààbò tí ọmọ gbà láti ara ìyá rẹ̀ ń tán lọ, tí òun náà sì ń kó ohun gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó sẹ́nu. Ehín a máa mú kí itọ́ dà, kí ọmọ sì máa sunkún. Ibà líle àti ìgbẹ́ gbuuru ní ìdí mìíràn tí ó yẹ kí a wá. Ẹ rántí 2008. Ní oṣù November ọdún náà ni àṣírí tú níti oògùn olómi kan tí a ń fún ọmọ nítorí ehín, My Pikin ni orúkọ rẹ̀, Èkó níhìn-ín ni a ti ṣe é. Diethylene glycol wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe májèlé; ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́, wọn kò lè tọ̀ mọ́. Ọmọ 84 ni a kà mọ́ àwọn tí ó kú. Ní 2013 ilé-ẹjọ́ rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ẹ̀bi àwọn ìyá kọ́. Wọ́n ra oògùn nítorí gbogbo wa ti sọ fún wọn pé ehín híhù jẹ́ àìsàn. (Níti àwọn tí ó ń bẹ̀rù ọmọ tí ehín òkè rẹ̀ kọ́kọ́ hù, n kò ní ohun tí mo lè bá wọn sọ.)

Kí ẹ má ṣe rò pé mo kórìíra ohun àwọn baba wa. Orín ata tí mo rà ní ọjà Agbójú ta mí lẹ́nu, ó sì fọ ehín mi mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá gba lílo orín níyànjú ní 1986. Kìkì pé a gbọ́dọ̀ fi í dé ẹ̀yìn ẹnu, kí á sì lo ọṣẹ ehín tí ó ní fluoride pẹ̀lú. Àárọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń fọ ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni itọ́ tí ń ṣan ẹnu a dínkù nígbàtí a bá sùn, oúnjẹ alẹ́ a sì wà níbẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ehín sílẹ̀ láìfọ̀; ìdọ̀tí tí ó dì mọ́ ehín ni ó sábà máa ń fà á. Wọ́n ní funfun ni iyì ehín, ṣùgbọ́n ehín a máa pọ́n díẹ̀ láìní àrùn kankan, mo sì ti rí funfun tí ihò wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣáájú kí n tó padà, mo ya ehín ọdún 6 sí ara pátákó, mo sì ní kí olúkúlùkù ọmọ fi ahọ́n wá tirẹ̀ rí. Inú wọn dùn púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan bi mí bóyá iṣu ni mo yà. Bí ẹnìkan nínú yín bá mọ àwòrán yà, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó wá bá mi ya ọ̀kan tí ó dára sórí páálí kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀.