Kòkòrò funfun orí ẹ̀gẹ́: ẹ má tíì fín in

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan ní Obbo-Aiyegunle já ewé ẹ̀gẹ́ wá bá wa. Ewé ti ká kò, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun wà lábẹ́ rẹ̀. "Ṣé ká fín in?"

Ká sòótọ́, a ti ní kí màmá kan fín in rí. Oògùn pa agbọ́n kékeré tó ń bá wọn pa kòkòrò náà, ni funfun bá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń dùn wá.

Phenacoccus manihoti lorúkọ ẹ̀. Orúkọ gígùn yìí kì í ṣe fáàrí o. Ọdún 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, lápá Kóńgò. Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá, ibẹ̀ náà làwọn onímọ̀ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ. Èyí tó jọ ọ́ bí ìbejì ni wọ́n kọ́kọ́ bá lórí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbọ́n tó ń pa ìyẹn ò ríbi gbé lára tiwa. Ìyẹn ní akọ àti abo. Tiwa, abo nìkan ni, ó ń bímọ láìrí akọ. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n! Ọdún 1981 ni wọ́n tó rí tiwa gan-an ní Paraguay. Lọ́dún yẹn kan náà, IITA n'Ìbàdàn tú agbọ́n rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá ò tíì fín in. Bí ẹ bá rí èyí tó ti gbẹ, tó le, tó ní ihò lára, agbọ́n ti wọ oko yín nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.